Epo Ìyá Ọkọ Mi àti Oyún Mi Àkọ́kọ́

 

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù tí ó kọjá, àbíkẹ́yìn mi obìnrin, tí ó wà nílé ọkọ ní Èkó, pè mí lórí tẹlifóònù ní aago mẹ́fà àárọ̀. Kò tí ì kí mi tán tí ó fi bú sẹ́kún. Ó ní, "Màmá, n kò lè gbóòórùn ọbẹ̀ mọ́. Bí ará yàrá kejì bá ti ń din àlùbọ́sà, èébì ni. Ṣé bí ó ti máa ń ṣe gbogbo ènìyàn nìyí, àbí èmi nìkan ni?" Mo bi í pé ìgbà wo ni ó rí nǹkan oṣù rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó dákẹ́ lọ títí. Lẹ́yìn náà ni ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tí ì sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi lé sí mi lójú. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo sọ fún bàbá rẹ̀ ní ọdún 1988. Ohun tí ó sì ti ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà jáde ni mo fẹ́ rò fún yín lónìí, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ni ó wà nídìí ọjà àti ní ilé ìwé báyìí tí èébì ń gbé, tí wọn kò sì rí ẹni bi léèrè.

Ọdún kan àti oṣù méjì ni mo ti wà nílé ọkọ nígbà náà, ní ìlú Ìbàdàn. Kíláàsì kẹta ni mo ń kọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé. Inú ilé kan náà ni àwa àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Ìyá ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, epo pupa ni wọ́n ń tà. Kì í ṣe epo ìgò kan ìgò méjì ni mo wí o. Epo inú garawa, epo inú kẹ́ẹ̀gì, epo inú àgbá, tí wọ́n tò láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìnkùlé. Epo yìí ni wọ́n fi tọ́ ọkọ mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́rin, òun náà ni wọ́n fi san owó ilé ìwé wọn. Ẹni tí ó bá fojú tín-ínrín epo yẹn, ìyá náà fúnra wọn ni ó fojú tín-ínrín.

Nígbà tí nǹkan oṣù mi kò dé, n kò kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ náà sí. Àkókò ìdánwò ni, mo rò pé wàhálà iṣẹ́ ni. Ọmú mi ń dùn mí bí ìgbà tí nǹkan oṣù bá fẹ́ dé, ṣùgbọ́n kò dé. Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí ṣáá; láàárín aago mẹ́jọ sí aago mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń lọ sí ilé ìyàgbẹ́ ilé ìwé, àwọn ọmọ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Oorun wá ni olórí gbogbo rẹ̀. Oorun tí ń kùn mí nígbà náà kì í ṣe oorun ọmọ ènìyàn. Ní ọjọ́ kan mo kọ ìṣirò sí ara pátákó, mo ní kí wọ́n dà á kọ, mo jókòó láti sinmi díẹ̀. Ohùn ọmọkùnrin kan ni ó jí mi, tí ó ń ké pé, "Tíṣà ti sùn o! Ẹ jẹ́ ká lọ gbá bọ́ọ̀lù!" Ìdajì kíláàsì ti wà lóde kí n tó lajú.

Lẹ́yìn náà ni epo dé. Ilé tí mo ti ń gbé láti ọdún kan, tí n kò tilẹ̀ mọ̀ mọ́ pé ó ní òórùn, òórùn rẹ̀ ṣàdéédéé di ohun tí ń fún mi lọ́rùn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ kan fún èébì yìí, wọ́n ń pè é ní àìsàn òwúrọ̀. Ó dá mi lójú pé ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ yẹn kò lóyún rí. Tèmi kì í dé ní òwúrọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni, nígbà tí ìyá bá ti ọjà dé, tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í da epo láti inú àgbá sí inú ìgò. Itọ́ á máa yọ lẹ́nu mi bí omi ẹ̀rọ. Agolo mílíìkì kan tí mo fi bébà bò ni mo ń gbé lẹ́bàá ibùsùn tí mo ń tu ú sí.

Mo ti sọ fún ọkọ mi. Òun nìkan ni ó mọ̀, mo sì ti mú un búra. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, a kì í kéde oyún kí ó tó yọ; wọ́n ní ẹnu ayé pọ̀. N kò fi àṣà yìí ṣe ẹ̀sín o. Àwọn àgbà rí i pé oyún púpọ̀ kì í dúró ní oṣù méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, wọn kò sì fẹ́ kí ẹni tí a bá yọ̀ lónìí di ẹni tí a ń bá kẹ́dùn lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí àṣà náà gbé mi dé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá ní kí n wá bá wọn di àrọ mú sí ẹnu ìgò. Mo lọ. Mo sé èémí mi títí tí n kò fi lè sé e mọ́. Bí mo ti mí kanlẹ̀ báyìí, èébì yọ, kò sì jẹ́ kí n dé ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀gbẹ́ àgbá epo níbẹ̀ ni mo bì í sí. Ìyá gbé ìkòkò sílẹ̀. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé epo mi ni ó ń rùn sí ọ?"

Ẹnu mi wú. Bí mo bá sọ òótọ́, mo ti tú àṣírí. Bí n kò bá sọ ọ́, ìwọ̀sí ni. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, mà, ibà ni." Wọn kò gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn ní àárọ̀, "Hùn-ún" ni wọ́n ń dá mi lóhùn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún aládùúgbò wa kan pé àwọn tíṣà ayé òde òní, òórùn owó tí ó rán ọkọ wọn níléèwé ń rí wọn lára.

Ẹ jẹ́ kí n yà kúrò lórí ọ̀rọ̀ epo díẹ̀, kí n sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú wa lọ́hùn-ún ní àkókò yìí, nítorí bí mo bá mọ̀ ọ́n nígbà náà ni, ẹ̀rù ì bá má bà mí tó bẹ́ẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ bí wọ́n ti ń ka oyún. Àwọn oníṣègùn kì í kà á láti ọjọ́ tí ọkọ àti ìyàwó bá ara wọn sùn. Láti ọjọ́ kìíní nǹkan oṣù tí obìnrin rí gbẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ka ogójì ọ̀sẹ̀ wọn. Nítorí náà, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú ìwé wọn, kò tí ì sí oyún kankan. Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ tú ilé kan ká lójú mi. Oníṣòwò kan ti ìrìn àjò Kánò dé. Nígbà tí ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ó dé, nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sí káàdì ìyàwó rẹ̀ pé oyún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni. Ọkùnrin náà ka ọ̀sẹ̀ lórí ìka, ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní kí obìnrin kó ẹrù. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì náà tí wọ́n ránṣẹ́ pè, tí ó jókòó ti ọkùnrin náà tí ó fi kàlẹ́ńdà ṣe àlàyé fún un. Ẹ̀yin ọkọ tí ń rìnrìn àjò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Nígbà tí ẹyin obìnrin bá pàdé irúgbìn ọkùnrin, ọ̀nà tóóró tí ó lọ sí ilé ọmọ ni wọ́n ti ń pàdé. Yóò tó nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún kí ó tó rọra dé inú ilé ọmọ, yóò sì tún tó ọjọ́ díẹ̀ sí i kí ó tó rì mọ́ ibẹ̀. Àwọn obìnrin mìíràn a máa rí ẹ̀jẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kan ní àkókò náà, wọ́n á sì rò pé nǹkan oṣù ni. Láti ìgbà tí ó bá ti rì mọ́lẹ̀ ni ara ìyá ti ń gba àṣẹ tuntun. Omi ara kan bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń bá ìtọ̀ jáde; òun ni ìlà méjì ara ohun èlò ìtọ̀ tí à ń rà ní kẹ́míìsì ń fi hàn wá. Ìtọ̀ àkọ́kọ́ tí a bá tọ̀ ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti pẹ́ ọjọ́ díẹ̀, ni ó dára jù láti fi wò ó.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà ni ọkàn ọlẹ̀ náà ti ń lù kìkì, nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣì ń wí pé ibà ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, gígùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀wà kan lọ. Bí ó bá fi di ọ̀sẹ̀ kejìlá, ó ti gùn tó ìka àtàǹpàkò, ó sì ti ní ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀. Gbogbo ohun pàtàkì tí ara ọmọ yóò ní, láàárín àkókò tí ẹnikẹ́ni kò tí ì rí ikùn yìí ni a ti ń fi ìpìlẹ̀ wọn lélẹ̀. Abájọ tí oorun fi ń kun ìyá! Ẹni tí ń kọ́ ilé tọ̀sán tòru, ṣé kò ní rẹ̀ ẹ́ ni?

Ní ti èébì, láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì sábà máa ń rọlẹ̀ lẹ́yìn oṣù kẹta tàbí nígbà tí oṣù kẹrin bá wọlé. Kì í ṣe ìwà àìmoore, kì í sì í ṣe ìṣe afínjú. Ohun tí ó ràn mí lọ́wọ́ ni pé kí n má jẹ́ kí inú mi ṣófo. Bisikíìtì gbígbẹ méjì kí n tó dìde lórí ibùsùn, ẹ̀kọ tútù, iṣu sísun láìsí epo, omi atalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Oúnjẹ tútù sàn ju oúnjẹ gbígbóná lọ nítorí òórùn rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá di pé omi lásán kò dúró nínú, tí ìtọ̀ pọ́n tàbí tí kò jáde mọ́, tí ènìyàn ń rù, èyíinì ti kọjá ọ̀rọ̀ bisikíìtì. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n fa omi sí i lára.

Ó yẹ kí n mẹ́nu ba ẹfun náà. Mo jẹ ẹ́. Ìdí ọjà ni mo ti ń rà á, mo ń fi pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi ní kíláàsì. Ó ń dá itọ́ dúró lóòótọ́. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé kì í jẹ́ kí ara rí èròjà ẹ̀jẹ̀ inú oúnjẹ lò dáadáa, àti pé àwọn tí wọ́n yẹ irú rẹ̀ wò ti bá òjé nínú rẹ̀, òjé sì jẹ́ májèlé fún ọpọlọ ọmọ inú. Ẹni tí ń jẹ ẹ́, kí ó jáwọ́.

Mo ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ nítorí n kò fẹ́ dé ibi tí mo ń lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ni. Ọjọ́rú ni, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìsọdipúpọ̀ ìlọ́po méje. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi, mo sì rí i pé ara mi tutù nísàlẹ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì lé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ lọ́wọ́ pé kí ó máa darí wọn. Ohùn wọn ni mo ń gbọ́, "Ìlọ́po méje, ẹ̀ẹ̀mẹfà," bí mo ti ń rìn lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ni. Ọ̀gá ilé ìwé wa fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ sí ọsibítù, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, oyún ti bàjẹ́.

Ilé ni ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ní mo rìn ní ọ̀sán gangan láìfi abẹ́rẹ́ sí aṣọ. Òmíràn ní ìwé tí mo ń kà lóru ni. Ìyá ọkọ mi kò bú mi. Wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi, wọn kò wọlé, wọ́n sì ń tún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ: "O ò sì sọ. Bí o bá sọ ni, n kò ní jẹ́ kí o gbé garawa omi." Ọ̀rọ̀ garawa omi yìí wọ̀ mí lára. Èmi gan-an ti ní ẹ̀bi mìíràn tí mo dá ara mi, tí n kò sọ fún ẹnìkan. Mo rò pé nítorí pé mo kórìíra epo ni. Mo rò pé ọmọ náà rí i pé mo ń kọ ohun tí ó tọ́ bàbá rẹ̀, ni ó bá padà.

Nígbà tí mo padà lọ fún àyẹ̀wò, nọ́ọ̀sì àgbà kan ni ó gbà mí. Obìnrin dúdú, kúkúrú, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo bi í pé ṣé garawa omi ni. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, gbọ́ mi. Nínú oyún mẹ́wàá tí obìnrin mọ̀ pé òun ní, ọ̀kan tàbí méjì ni yóò bàjẹ́ kí oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó pé. Ohun tí ó sábà máa ń fà á ni pé nígbà tí irúgbìn bàbá àti ti ìyá pàdé, iye ohun tí wọ́n kó wá kò pé, tàbí ó lé. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè dàgbà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe omi tí o pọn. Kì í ṣe oòrùn. Kì í ṣe ìjà, kì í ṣe iṣẹ́, kì í sì í ṣe pé ọkọ rẹ sùn tì ọ́." Mo bi í nípa epo, ojú ń tì mí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Epo kọ́, ọmọ mi."

Mo sunkún lórí àga yẹn títí ó fi lọ mú omi wá fún mi.

Òun náà ni ó kọ́ mi ní ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́, àní bí a bá ń fi oyún pamọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí ń jáde, ì báà ṣe díẹ̀, kí a lọ fi hàn. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ ni oyún fi ń bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ni ó rí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sì bímọ láyọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó léwu jù ni oyún tí kò dé ilé ọmọ, tí ó dúró sí ọ̀nà tóóró tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà náà kò lè gba ọmọ. Bí oyún bá ń dàgbà níbẹ̀, yóò bẹ́, ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa dà sínú ikùn níbi tí ojú kò tó. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ń ta aṣọ ni ó ṣe. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti pẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀ kan ṣoṣo ni ó ń dùn ún, ó lọ sí kẹ́míìsì kan, wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni, wọ́n di oògùn sínú ọ̀rá fún un. Ní ọjọ́ kejì èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ó rò pé ẹrù aṣọ tí òun gbé ni. Òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú lé orí òṣùwọ̀n àǹkárá nínú ìsọ̀. Iṣẹ́ abẹ ni ó kó o yọ, wọ́n sì gé ọ̀nà ẹyin kan kúrò. Ó wà láàyè, ó sì ti bí ọmọ méjì láti ìgbà náà pẹ̀lú èkejì tí ó kù. Ìrora ẹ̀gbẹ́ kan, ìrora ṣóńṣó èjìká, òòyì àti dídákú, nígbà tí nǹkan oṣù bá ti pẹ́: ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́, ẹ má sì lo àgbo sí i. Ẹ gbé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lè ṣe iṣẹ́ abẹ.

Ọ̀rọ̀ oògùn ọ̀rá yẹn ń bí mi nínú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ra oògùn lọ́wọ́ kẹ́míìsì, bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá pẹ́, kí ó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ní ọdún 1957 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta oògùn kan tí ń jẹ́ thalidomide ní ilẹ̀ Jámánì. Wọ́n ní oògùn oorun ni, pé ó ń dá èébì aboyún dúró, àti pé kò léwu rárá. Kí wọ́n tó kó o kúrò lọ́jà níbẹ̀ ní òpin ọdún 1961, ó ti ba ọmọ jẹ́ káàkiri ayé, ó ju 10,000 lọ. Apá àwọn mìíràn kò gùn ju ọwọ́ lọ, àwọn mìíràn kò sì ní ẹsẹ̀. Àwọn ìyá wọn kò ṣe ohun búburú kan. Èébì ni wọ́n fẹ́ dá dúró. Ní ti páráǹga àti àgbo tí wọ́n fi ọtí pò, ọtí ni, orúkọ yòówù tí wọ́n ìbáà pè é, ọtí sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ.

Oògùn kan wà tí ó yẹ kí a máa lò kí oyún tó dé pàápàá, òun ni folic acid. Ní ọdún 1991 ni àwọn oníwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn gbangba pé ó ń dín àbùkù ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọpọlọ ọmọ kù. Ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti ń pa dé kí ọ̀pọ̀ obìnrin tó mọ̀ pé àwọn lóyún; ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí a dúró di ìgbà tí ikùn bá yọ. Mílígíráàmù 0.4 lójúmọ́ ni àjọ ìlera àgbáyé ní kí aboyún máa lò. Èyí tí wọ́n ń tà jù lọ́dọ̀ wa jẹ́ mílígíráàmù 5, ẹ bi nọ́ọ̀sì yín kí ẹ tó lò ó, nítorí èyí tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ a máa dín agbára oògùn tí wọ́n ń fún aboyún láti dènà ibà kù. Oògùn ìdènà ibà yẹn kì í bẹ̀rẹ̀ kí oṣù kẹrin tó wọlé. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, abẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn ni kí a máa sùn. Bí ibà bá sì gbé ni, kí a ṣe àyẹ̀wò, kí dókítà kọ oògùn. Láti ọdún 2022 ni àjọ ìlera àgbáyé ti fọwọ́ sí artemether-lumefantrine fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ náà; ṣáájú ìgbà náà, ṣe ni wọ́n ń sá fún un.

Ẹ má sì dúró di oṣù karùn-ún kí ẹ tó lọ forúkọ sílẹ̀. Láti ọdún 2016, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni wọ́n ní kí aboyún rí àwọn eléto ìlera kí ó tó bí, èyí àkọ́kọ́ sì gbọ́dọ̀ wáyé kí ọ̀sẹ̀ kejìlá tó kọjá. Ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, ìfúnpá, irú ẹ̀jẹ̀ tí a ní, kòkòrò HIV, gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò yẹ̀ wò. A lè forúkọ sílẹ̀ lọ́sibítù kí ará àdúgbò má sì gbọ́. Nọ́ọ̀sì kì í ṣe ẹnu ayé.

Ní ìparí ọdún 1989, nǹkan oṣù mi tún pẹ́. Mo lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀, wọ́n ní oyún ni. Mo jókòó sínú ọkọ̀ èrò tí ń padà bọ̀ wálé, mo pinnu pé n kò ní ṣe é bí ti àkọ́kọ́. N kò dúró de ọkọ mi. Mo lọ tààrà sí ọjà, mo kúnlẹ̀ níwájú ìsọ̀ ìyá, láàárín àwọn kẹ́ẹ̀gì epo, pẹ̀lú áńkáṣíìfù mi ní imú. Mo ní, "Ìyá, mo ti fẹ́ra kù. Ìjọ́sí, kì í ṣe pé epo yín ń rùn. Oyún náà ni kò jẹ́ kí n lè gbóòórùn rẹ̀. Mo fi pa mọ́ fún yín, ẹ dárí jì mí."

Wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n ta epo fún oníbàárà tí ó dúró, wọ́n ka ṣéńjì fún un. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé, kí n má fi ẹsẹ̀ rìn. Nígbà tí mo jí ní ọjọ́ kejì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ṣófo. Wọ́n ti pe àwọn alábàárù ní kùtùkùtù, wọ́n ti kó gbogbo epo lọ sí ilé àbúrò wọn ní òpópónà kejì, wọ́n sì ti fi ọṣẹ fọ ilẹ̀. Títí tí mo fi bímọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ epo. Kí wọ́n tó wọlé ní alaalẹ́, wọn a wẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, wọn a pààrọ̀ aṣọ.

Ó di ìrọ̀lẹ́ kan, mo ti wọ oṣù kẹrin, èébì ti ń rọlẹ̀. Èmi àti wọn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó ṣófo náà, à ń ṣa ẹ̀wà. Wọn kò wojú mi. Wọ́n ní, "Mẹ́ta ni mo rí kí n tó bí ọkọ rẹ. Gbogbo wọn ni kò tó oṣù mẹ́ta." Mo gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá ọkọ tèmi sọ pé epo ni mo gbé jù. Pé orí tí ń ru epo ni kò jẹ́ kí ó dúró. Ṣùgbọ́n bí n kò bá ru epo, kí ni a óò jẹ?"

Ó ti tó ọdún méjìlélọ́gbọ̀n nígbà náà tí wọ́n ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú, tí wọ́n ń fi epo náà tọ́ ọmọ márùn-ún, tí wọ́n sì gbà pé òun ni ó pa mẹ́ta.

Mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún mi fún wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ ọ́. Mo ní iye ohun tí bàbá àti ìyá kó wá ni kò pé. Mo ní, "Epo kọ́, Ìyá." Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń fi ìka tú ẹ̀wà inú àwo wò, bí ẹni pé òkúta ni wọ́n ń wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n tún un sọ.